Ọjọ́ Tí Mo Fi Aládùúgbò Mi Sun Ìjọba

Òórùn dóńgóyárò ló gba àdúgbò wa kan lọ́dún náà. Kò sí ilé tí wọn kò ti ń sè é ní Ìkòsì. Wọ́n á da ewé rẹ̀ sínú ìkòkò pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀, wọ́n á faṣọ borí, wọ́n á sì máa fa ooru rẹ̀ símú títí omi á fi máa dà lójú wọn. Ìwọ náà rántí ọdún tí mò ń wí, ọ̀rẹ́ mi, ọdún kòrónà, tí ìjọba ti gbogbo wa mọ́lé. Ọ̀nà Kétu tí kì í dákẹ́ wá pa rọ́rọ́. Ariwo àwọn akẹ́rù tó ń já tòmátì ní ọjà Máìlì Tuwẹ́ẹ̀fù lọ sílẹ̀ débi pé mo máa ń gbọ́ ìgbà tí aládùúgbò mi bá ń ṣí ìdérí ìkòkò. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá se dóńgóyárò nítòsí mi, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Ìbínú ni, kì í ṣe ẹ̀rù mọ́.

Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n de ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin mọ́ lórí. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ ló máa ń wọ àdúgbò wa, á máa rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ohùn ọkùnrin kan á sì máa jáde nínú rẹ̀ bí ẹni pé a ti jẹ̀bi ká tó jí: “Ikú ti wọ àdúgbò yín! Ẹni tó ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè pa yín! Ẹni tó bá mọ aláìsàn tí kò wí, apààyàn ni!” Bí ọkọ̀ náà bá lọ tán, rédíò á gbà á, bí rédíò bá dákẹ́, fóònù á gbà á. Mi ò sọ pé àrùn náà kò sí o. Ó wà, ó sì pa èèyàn. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ wa ní Mẹ́ńdè bá a lọ, èèyàn rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ́ni bí a ṣe ń dáàbò bo ara ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n máa kó jìnnìjìnnì bá èèyàn títí kò fi ní dá ojúlùmọ̀ rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ládùúgbò wa nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó ìwé pélébé fún alága wa, alága kó o fún mi, èmi ni mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo géètì. Nọ́ńbà tí a ó fi pe ìjọba ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Kí n má parọ́ fún ọ, mo ń gbéra ga. Mò ń fi ọṣẹ fọ ọsàn, mò ń fi omi gbígbóná fọ ọ̀rá búrẹ́dì, mo sì ń wo àwọn tí kò ṣe bíi tèmi gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá.

Bàbá kan wà ní ilé kẹta sí tèmi, ará Ìlarò ni, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Àga tìmùtìmù ló ń ṣe. Á tú àga ògbólógbòó palẹ̀, á yọ fóòmù tó ti fọ́ síbẹ̀, á fi tuntun sí i, á sì kan aṣọ mọ́ ọn. Bàbá Onítìmùtìmù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fa eruku fóòmù àti ti òwú símú, ikọ́ sì ti di ara rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń wá. Nígbà tí mo kó dé àdúgbò, ikọ́ yẹn ni wọ́n fi júwe ilé rẹ̀ fún mi: “Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́, ẹ yà síbẹ̀.” Òun ló ṣe àwọn àga pálọ̀ mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun àti ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Mọ́mì, ló jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, tí wọ́n ń fipá mú mi jẹun.

Ẹni yẹn ni mo fi sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, oòrùn mú ganrínganrín. Ọkọ̀ agbohùngbohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, Bàbá sì wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mẹ́ta, ó sinmi, mẹ́ta. Mo mọ ikọ́ yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ara mi. Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà ńṣe ló dà bí ohun tí n kò gbọ́ rí. Mo wo ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ géètì mi, mo tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù. Ọmọbìnrin kan tóhùn rẹ̀ dùn ló gbé e, ó bi mí ní àdírẹ́ẹ̀sì, mo sọ ọ́, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.” Inú mi dùn. Dídùn tí inú mi dùn yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n dé, ọkọ̀ méjì. Àwọn kan wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí òkú tó jí dìde, ọlọ́pàá méjì gbé ìbọn, ọkùnrin kan sì gbé kámẹ́rà. Bàbá jókòó sídìí àga kan pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ìṣó wẹ́wẹ́ kún ẹnu rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́: á kó ìṣó sẹ́nu, á máa fi ètè yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń pariwo mọ́ ọn kó dìde, kò sì lè fọhùn. Ó kọ́kọ́ rọra tu àwọn ìṣó náà sí àtẹ́lẹwọ́ ná.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni mo ṣe? Ìwé wo lẹ mú dání tẹ́ ẹ fi fẹ́ gbé mi?”

Mọ́mì sáré jáde pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo láyà. “Ikọ́ iṣẹ́ ni! Ó ti pẹ́ tó ti ń wú u! Ẹ bi gbogbo àdúgbò!”

Ọlọ́pàá kan dá a lóhùn pé, “Ìyá, àṣẹ ìjọba ni. Tẹ́ ẹ bá tún lanu, ẹ̀yin náà á bá wa lọ.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n omi apakòkòrò káàkiri ṣọ́ọ̀bù, sórí aṣọ, sórí fóòmù, sórí àga oníbàárà. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ara ilẹ̀kùn wọn. Gbogbo wa wà lójú fèrèsé. Bàbá gbójú sókè, ó ń wá ojú tó mọ̀, ó sì rí mi. Ó ní, “Akọ̀wé, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn. Ìwọ náà mọ ikọ́ yìí.”

Mo fa kọ́tìnnì.

Nírọ̀lẹ́, mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní wọ́n ti rí ẹnìkan tó ń fi àrùn pamọ́ láàárín àwọn aráàlú, wọ́n sì fi hàn bó ṣe di sòkòtò rẹ̀ mú tó ń gun ọkọ̀, kí ó má bàa jábọ́. Wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò o! Ẹnikẹ́ni ò tíì fi nǹkan kan ara rẹ̀! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ agbohùngbohùn ti fi í kọrin: “Ẹ ti rí i báyìí! Ó wà láàárín yín!” Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí Mọ́mì pọnmi nídìí bóhò mọ́. Àwọn obìnrin tó ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì á rí i lókèèrè, wọ́n á sì gba ọ̀nà mìíràn.

Ní ọjọ́ kẹfà, Mọ́mì wá bá mi. Ó dúró lẹ́yìn géètì, kò wọlé. “Akọ̀wé, ìwọ lo mọ̀wé. N ò mọ ibi tí wọ́n gbé ọkọ mi sí. Bá mi kọ lẹ́tà.” Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde sí ìta, mo jókòó, mò ń tẹ̀ ẹ́. Níbi wo ni Bàbá wà? Kí ni àyẹ̀wò sọ? Òfin wo ni wọ́n fi gbé e? Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni Mọ́mì sọ̀rọ̀, kò gbóhùn sókè rárá. Ó ní, “Ẹni tó pè wọ́n wá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé bá òun náà, kó má rí ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un.” Ó wò mí, ó ń retí pé kí n ṣe àmín. Mo ṣe àmín.

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó gbé e. Ọ̀gá kan tó fa ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n, tó ń jẹ ẹ̀pà, ló gba lẹ́tà náà. Ó yẹ rẹ́jísítà wò títí, kò rí orúkọ Bàbá níbẹ̀. Èèyàn tí wọ́n gbé tìbọn-tìbọn, tí wọ́n fi han gbogbo ayé, wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kan! Mo bi í léèrè òfin tí wọ́n tẹ̀lé. Ó nu ọwọ́ nù, ó ní, “Mádàámù, ẹ̀mí aráàlú ló jẹ wá lógún. Àbí ẹ fẹ́ kí gbogbo àdúgbò kú nítorí èèyàn kan ni?”

Ìbéèrè yẹn ló ti dí mi lẹ́nu láti ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Mọ́mì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàtà rẹ̀ ti já, ó sì ń wò mí. Mo ní, “Ẹni tí ẹ gbé lọ yẹn, kì í ṣe aráàlú ni?” Ó ní ká máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń bínú sí i, tí mo sì ń bínú sí ara mi, débi pé n kò mọ èyí tó ń gbóná jù.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n já Bàbá sílẹ̀ ní Kétu bí ẹrù tí kò sẹ́ni tó ni ín. Kò sí ìwé, kò sí èsì àyẹ̀wò, kò sí “ẹ má bínú.” Nọ́ọ̀sì kan ló yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un pé, “Bàbá, kò sóhun tó ṣe yín.” Ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Nígbà tó dé, àwọn ọmọdé sá fún un.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ń ya fóòmù tí omi apakòkòrò ti bà jẹ́ kúrò lára àga oníbàárà, Mọ́mì ń gbá a jọ. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku náà, mo ní, “Bàbá, èmi ni mo pè wọ́n.” Ọwọ́ Mọ́mì dúró lórí ìgbálẹ̀. Bàbá kò wò mí.

Ó ní, “Mo mọ̀. Bó o ṣe fa kọ́tìnnì yẹn, mo ti mọ̀.”

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Ó ní, “Ẹ̀rù ba èmi náà. Ṣùgbọ́n èmi ò pe ẹnikẹ́ni.”

Mọ́mì kò kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò sì dá a lẹ́bi. Oníbàárà kò wá mọ́, ìlà pupa sì kọ̀, kò ṣí lára ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tó. Kí ọdún tó parí, wọ́n kó ẹrù, wọ́n padà sí Ìlarò.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún dé. Ìwé ńlá kan ni wọ́n gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan sí i, ẹni tó wá kí wọn, ẹni tó wúkọ́, ẹni tí kò jáde, kí n sì máa mú un wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Alága ti na ọwọ́ láti gbà á. Mo ní n kò ní kọ ọ́.

Ọ̀gá wọn bú mọ́ mi: “Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn máa kú ni?”

Mo ní, “Rárá o. Ẹni tó bá ṣàìsàn níbí, àwa fúnra wa la máa gbé e lọ sílé ìwòsàn, a ó sì dúró tì í. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé òfin wá kí n kà á. Tí kò bá sí, mi ò ní bá yín ṣọ́ ẹnikẹ́ni.” N kì í ṣe akínkanjú o. Wọ́n ní mo ń dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, wọ́n gbé mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Alága yẹn náà, tó ti na ọwọ́ sí ìwé wọn, ló kó àwọn obìnrin àdúgbò bíi mẹ́jọ wá. Wọ́n dúró sójú títì, wọ́n kọ̀, wọn ò lọ. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́pàá ní kí n máa lọ sílé. Ìwé ńlá yẹn kò wọ àdúgbò wa.

Ṣùgbọ́n má bá mi yọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó yẹ kí n ṣe lójú fèrèsé ni mo lọ ṣe lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ẹni tó tọ́ sí ti kó lọ. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá láti ọ́fíìsì yẹn, ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà sì ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé wọn kì bá tí rí Bàbá láéláé, wọn ò mọ̀ ọ́n, wọn ò mọ ilé rẹ̀. Èmi tí mo jẹ oúnjẹ rẹ̀ ni mo ṣe ojú fún wọn. Ìjọba kì í lójú ládùúgbò àfi tí a bá yá a ní tiwa, ẹ̀rù ló sì fi ń yá a. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé báyìí tó ní kí n bẹ̀rù ẹni tí ògiri nìkan ló wà láàárín èmi àti ẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun máa rí jẹ nínú ẹ̀rù náà. Lẹ́yìn náà, màá jáde lọ kan ilẹ̀kùn ẹni náà, màá bi í pé, “Ṣé kò sí láburú o?”