Yẹ́lò Abẹ́ Ọ̀dà Mọ́tò Dádì

Mọ́tò tí Dádì mi fi sílẹ̀ kú dàgbà jù mí lọ. Búlúù ni, àbí ká ní búlúù ni tẹ́lẹ̀, nítorí oòrùn Ìkòsí ti fojú ẹ̀ rí màbo títí ó fi dà bí eérú. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ fi gbé Mọ́mì lọ síbi àdúrà ìrántí Dádì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ifákọ̀, mi ò sì fẹ́ kí àwọn èèyàn máa káàánú wa. Iye tí àwọn tó ń kun mọ́tò ní Kétu pè, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní màá ṣe é fúnra mi.

Ta ni màá wá gbọ́ tiẹ̀? Aunty tó ń gbé ìsàlẹ̀ ní ọṣẹ ìfọyín ni. Ẹni tó ń lẹ táyà ní kẹrosín ni. Òmíràn ní epo pupa! Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nígbẹ̀yìn, mo tẹ̀lé ti Uncle kan ládùúgbò, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. "Ra kọ́mpáùn, èyí tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà mọ́tò. Tí àwọ̀ bá ń bá aṣọ jáde, má bẹ̀rù, ọ̀dà tó ti kú ni. Ṣáà máa gbo ó."

Mo gbo ó. Èmi kì í ṣe nǹkan níwọ̀n. Ilẹ̀kùn iwájú dán débi pé mo rí eyín mi nínú ẹ̀, mo bá ń kọrin. Búlúù ń bá aṣọ jáde, mi ò bẹ̀rù. Nígbà tó yá, yẹ́lò yọjú.

Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo tún gbo ó, ìlà dúdú kan tún yọ lára yẹ́lò náà. Ta ni ò mọ yẹ́lò onílà dúdú l'Ékòó? Takisí ni.

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Dádì mi, akọ̀wé ọ́fíìsì, tí wọn ò jẹ́ kí n fẹ́ ọmọkùnrin kan torí pé awakọ̀ ni bàbá ẹ̀! Àbí wọ́n rà á láìmọ̀ ni? Inú ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Ó tún ń ṣe mí bíi kí n sunkún.

Mọ́mì jáde síta. Wọ́n rí ilẹ̀kùn náà, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

"Dádì ẹ ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀yin ọmọ." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Takisí ni wọ́n ń wà l'Ójòta. Lọ́jọ́ tá a gbé ẹ bọ̀ láti ọsibítù, èrò kan dá wa dúró lọ́nà, ó ti ń ṣílẹ̀kùn kó tó rí ẹ láyà mi. Ojú ti Dádì ẹ gan-an. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ kùn ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ ọ́fíìsì."

Ọ̀la sì ni Àìkú. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló máa rí i.

"Ẹ jẹ́ kí n sáré ra ọ̀dà búlúù díẹ̀, kí n fi bò ó," mo ní. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó wù mí kí n bò ó.

Mọ́mì gba aṣọ lọ́wọ́ mi, wọ́n bu kọ́mpáùn sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ibẹ̀ kọ́ ni yẹ́lò ti jáde."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọn ò dẹ́kun. "Ilẹ̀kùn yìí ni mo gbà wọ takisí náà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Dádì ẹ."