Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ni Méjì tí Bàbá Mi Tún Ṣe Kẹ́yìn

Òórùn kẹrosínì àti gírísì ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, nítòsí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí ojú mi fọ́, láti ìgbà náà ni bàbá mi kò sì ti mọ ohun tí wọn ì bá máa bá mi sọ mọ́. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn mi. Ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, ohun tó bá bàjẹ́ tí ọwọ́ wọn kò sì lè tún ṣe a máa dójú tì wọ́n. Bí mo bá wá kí wọn láti Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, wọn á ní, "Káàbọ̀, ṣé dáadáa lo dé?" Wọn á fà mí jókòó, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì ta mí lọ́rẹ. Ìyàwó mi á jókòó níwájú, á máa darí rẹ̀, èmi á wà lẹ́yìn, a ó sì jọ máa wa pẹ́dà. Àwọn ọlọ́kadà Ọ̀yọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Èmi kò bìkítà, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti sáré gbẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ọ̀pá irin tó so pẹ́dà méjì iwájú pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han, àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹnìkan tú u ní Ọ̀yọ́, kò mọ bí yóò ṣe tò ó padà, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá fún mi. Bàbá mi gbọ́, wọ́n ní kí n gbé e wá sílé. Inú mi dùn kọjá àlà. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, nǹkan mi kan ti bàjẹ́ tí bàbá mi lè tún ṣe.

Iṣẹ́ náà kò tóbi lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ihò tí ọ̀pá náà ń gbà kọjá ní ẹnu méjì, ife irin kékeré kan ni wọ́n sì ń dè mọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ife méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ọ̀tún la ń yí ọ̀kan kó tó le, òsì la ń yí èkejì. Òfin bàbá mi ni pé ẹ̀gbẹ́ tí ṣéènì bá wà ni ife tó ń yí sí òsì ń gbé. Òfin náà kò já wọn kulẹ̀ rí, nítorí apá ọ̀tún ni ṣéènì ń wà lára gbogbo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n mọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì yàtọ̀. Ó ní ṣéènì mìíràn tó so pẹ́dà iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, apá òsì ni ìyẹn sì wà, nítorí náà òfin wọn kò bá ihò iwájú mu.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, bàbá mi dorí kẹ̀kẹ́ kodò, wọ́n pè mí mọ́ra. "Fi ìka tọ ìlà inú ihò yìí," ni wọ́n wí, "kó o sọ ibi tó ń yí sí fún mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi èékánná tọ ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀tún ló ń yí sí, kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀.

Kí n tó la ẹnu, ọ̀rẹ́ wọn tó ń rán fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ti bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ògbólógbòó bíi tìẹ ló ń bi ọmọ léèrè iṣẹ́? Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, ṣé ó lákìísà bí àgbà ni?"

"Mo kàn ń bá a ṣeré ni," ni bàbá mi dáhùn kíákíá. "Ẹ̀gbẹ́ ṣéènì rèé. Òsì ni, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òsì ni."

Mo pè é ní ọ̀wọ̀. Ta ni yóò já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú ọ̀rẹ́ wọn? Wọ́n mú ife ti òsì, wọ́n yí i, kò wọlé. Wọ́n fi òòlù gbá a, wọ́n fi páìpù mú ọwọ́ sípánà gùn, irin sì ń ké lábẹ́ ọwọ́ wọn títí ife náà fi wọlé tipátipá. Mo gbọ́ igbe náà, mo dákẹ́.

Ọjọ́ kejì ni èmi àti ìyàwó mi gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ìkòyí-Ilé láti kí àwọn ará ìyá mi. A kò tí ì dé ìdajì ọ̀nà tí ife náà fi yọ lẹ́nu ihò tí wọ́n ti bà jẹ́, pẹ́dà yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyàwó mi, a sì ṣubú. Èmi fara bó. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kán.

Bàbá mi bá wa nílé ìwòsàn. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ó ti tó ọdún méjì. Mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni. Ìwọ ni mo fi ṣojú lánàá. Ṣé ọwọ́ ẹ ò bá nǹkan kan níbẹ̀ ni?"

Àyè òtítọ́ nìyẹn. Ojú tì mí, ìyàwó mi sì ń kérora lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Rárá, bàbá, mi ò bá nǹkan kan."

Wọ́n ní, "Ó dáa."

Láàárín oṣù náà ni wọ́n kó irinṣẹ́ wọn tọrẹ, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Apá ìyàwó mi jinná. Mo jẹ́wọ́ fún un, ó sì bínú sí mi gan-an, ó ní bàbá ló yẹ kí n lọ bá. Mo ń sọ pé n ó lọ bí ààwẹ̀ bá tán, bí iléèwé bá gba ìsinmi, títí bàbá mi fi kú. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rẹ́ wọn aránfìlà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní bàbá mi ti ń pète tẹ́lẹ̀ láti pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà tí iléèwé bá gba ìsinmi, kí ọwọ́ mi lè máa ṣojú fún wọn. Ẹ̀yìn ìjàǹbá náà ni bàbá mi tó tú àṣírí yìí fún wọn, pé àwọn ti ṣìrò, pé ọmọ àwọn kò mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀tún ni.