Ìpín Omi ní Ọ̀nà Ìgbẹsà

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo ti rẹ aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ sínú ọṣẹ, mo ń wá ibi tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì sí, nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní abúlé wa lẹ́yìn Alápòtí, èèyàn lè jókòó títí di ọ̀sán kó má gbọ́ ju ọ̀kadà mẹ́ta lọ. Kò pẹ́ sí i ni ìbọn dún. Mi ò padà wá fọ aṣọ náà mọ́.

Fàtí, ìwọ ni mo ń kọ èyí fún, àti àwọn ọmọ tó ń gbé inú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìkìrun lo ti ń lo ìsinmi ilé ìwé nígbà yẹn. Ìjà ilẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín, ogun ni. Ìdílé méjì ló ń du ilẹ̀ abúlé náà, ọ̀kan nínú wọn lọ kó àwọn ajagungbalẹ̀ wá, àwọn yẹn ò sì bi ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ ta ló ti ra ilẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn.

Bàbá rẹ jáde lọ ti géètì. Mo ní kó má lọ, ó lọ. Mo rí ọkùnrin kan tó yí ìbọn rẹ̀ padà, tó sì fi ìdí rẹ̀ gbá a níwájú orí. Ìró rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ó ṣubú, ó sì dìde fúnra rẹ̀, ó ní ká máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde, mo sì rò pé a ti mórí bọ́.

Inú oko ẹ̀gẹ́ la gbà sá. Àwa mọ́kànlá la jọ já sí ilé iṣẹ́ kan tí wọn kò tíì kọ́ tán ní ọ̀nà Ìgbẹsà. Ògiri wà níbẹ̀, páànù wà lórí apá kan, kò sí ẹ̀rọ, kò sí fèrèsé. Àwọn ajagungbalẹ̀ wà lójú ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì wà nídìí kànga tó wà nítòsí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ooru páànù yẹn kò jẹ́ kéèyàn lè mí. Oúnjẹ tó wà kò ju gàárì inú ọ̀rá kan lọ, a ò sì lè rẹ ẹ́, nítorí kẹ́ẹ̀gì omi kan tí kò kún àti àpò píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo la ní.

Màmá Ìjẹ̀bú ló gbé àpò omi náà dání. Ìyá àgbà tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa ni. Ó fi gbogbo ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ru àpò omi sá. Òun náà ló yàn mí.

"Ìyá Fàtí, ìwọ ni kóo máa pín in," ló wí. "Iṣẹ́ omi ṣáà lò ń ṣe."

Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ní Ṣàngó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀. Iṣẹ́ yẹn kò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń pín omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Síbẹ̀ inú mi dùn pé èmi ni wọ́n yàn. Mo fi ìdérí fúláásì ṣe òṣùwọ̀n, mo sì ń pín in dọ́gba, ẹnikẹ́ni ò lè rí àléébù kan sọ.

Ní ọjọ́ yẹn bàbá rẹ bì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sùn. Nígbà tó jí láàárọ̀ Sọ́ńdè, orí rẹ̀ pé, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo fún un ní ìpín rẹ̀. Ó mu ún, ó lọ tọ̀ sẹ́yìn ògiri, ó padà dé, ó tún ní òùngbẹ. Mo fún un ní ti ọ̀sán. Ó tún mu ún, ó tún lọ. Mo fún un ní ti ìrọ̀lẹ́, mo fún un ní ti ọjọ́ kejì, oòrùn kò sì tíì kàn wá lórí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí.

"Ìyá Fàtí, à ń rí yín o," ni bíríkìlà kan tó wà láàárín wa wí. "Omi gbogbo wa ni ọkọ yín ń tọ̀ dànù yẹn."

Màmá Ìjẹ̀bú ní ká fara balẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló pa ọkọ tirẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá Fàtí tọ̀ síbí yìí, nítòsí ilé èèrà," ló wí. "Bó bá jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ni, èèrà á bò ó. Ojú gbogbo wa báyìí ni."

Bàbá rẹ tọ̀ síbẹ̀. Àwa àgbàlagbà jókòó, a tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ìbọn dún lápá Alápòtí, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Èèrà wá, wọ́n yí i ká, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

"Kì í ṣe àìsàn," ni Màmá Ìjẹ̀bú wí. "Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Omi tí wọ́n ń mu ni wọ́n ń tọ̀. Bí wọn ò bá mu, wọn ò ní tọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Kí n má purọ́ fún ọ, ó tún rọ̀ mí lọ́rùn, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fi ti ọkọ mi rẹ́ àwọn jẹ. Láti ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn, mi ò fún un lómi mọ́.

"Ìyá Fàtí, omi."

"Ẹ ti mu tiyín tán."

"Díẹ̀ ni. Ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ."

"Gbogbo wa lọ̀nà ọ̀fun wa gbẹ, Bàbá Fàtí. Ẹ sùn."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo pín omi fún àwa mẹ́wàá yòókù lójú rẹ̀. Ó nawọ́ sí mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fi pè mí. Ojú rẹ̀ ò dúró sójú kan, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù. Mo bọ́ ọ, mo fún aṣọ náà, ohun tó sì jáde nínú rẹ̀ mọ́ gaara, kò rùn. Ẹni tí kò mu omi láti ọ̀sán àná, níbo ló ti rí omi tó ń tọ̀? Níbi iṣẹ́ wa, bí táǹkì bá ń jò nígbà tí omi kò wọ inú rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ la máa ń yẹ̀ wò, a kì í bá omi jà. Mo pe Màmá Ìjẹ̀bú. Ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì káwọ́ lérí.

"Mo ti ṣì ọ́ lọ́nà," ló wí. "Fún un lómi. Bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi."

A ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, èyí tó pọ̀ ń dà sí i láyà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́pàá dé, tí ọ̀nà sì là. Ọ̀kadà kan gbé wa, bàbá rẹ wà láàárín, mo dì í mú láti ẹ̀yìn. Nígbà tí a kọjá ní Ojú Ọrẹ, àwọn èèyàn ń ra búrẹ́dì, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí wọn.

Ní ọsibítù kan l'Ọ́tà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dọ́kítà tó jáde wá bá mi kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó fà mí jókòó.

"Mà, ibi kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ wa tó máa ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò," ló wí. "Bí iyọ̀ bá pọ̀ ju omi lọ nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, á jẹ́ kí òùngbẹ máa gbẹ wá, á sì ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó má da omi nù mọ́. Ibi tí wọ́n ti fi nǹkan gbá wọn lórí yìí, iṣẹ́ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín mọ́. Ó kàn ń da omi nù ni. Òùngbẹ nìkan ló kù tó ń gbà wọ́n là."

Ó tún wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà.

"Ohun tí kò yé mi ni pé iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ga jù. Ẹni tó bá ń rí omi mu, kì í ga tó báyìí. Ṣé wọ́n ń rí omi mu dáadáa níbi tí ẹ sá sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Ó wò mí díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní díẹ̀díẹ̀ làwọn máa fi mú iyọ̀ náà wálẹ̀, torí pé bí àwọn bá yára, ọpọlọ á wú. Ọjọ́ kẹrin ló tó mọ̀ mí. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn débi tí nọ́ọ̀sì fi lé mi síta.

Nígbà tí a padà sí abúlé, kò sí ariwo kankan níbẹ̀ mọ́. Adìẹ ò sí, ọmọ tó ń sunkún ò sí. Ògiri ilé wa ló kù, ó ti dúdú. A kó lọ sí Ṣàngó. Màmá Ìjẹ̀bú padà sí ìlú rẹ̀, ó sì kú níbẹ̀ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ omi kò ti ẹnu òun àtèmi jáde mọ́.

Bàbá rẹ ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́ títí dòní. Kò rántí ohunkóhun láti ìgbà tó ti lọ ti géètì títí dé orí ibùsùn ọsibítù. Ẹnì kan sọ fún un pé omi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ to ìyókù ìtàn náà pọ̀. O ti gbọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò: "Omi ò tó ẹnikẹ́ni mu. Ìyàwó mi yìí ló dúró, tó ń bá wọn jà, tó ń gbà á fún mi mu." Bó bá ti dé ibẹ̀, màá kó àwo wọlé. Ojú ń tì mí, mo sì jẹ́ kó máa sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún yìí ni mo sọ òótọ́ fún un. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwa méjì nìkan la wà nílé. Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, títí kan ọwọ́ tó nà sí mi. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé ìwọ mu ìpín tìẹ?"

"Mo mu ún."

Ó ní ó dáa, ó sì dìde lọ lo oògùn rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sọ ìtàn yẹn fún àlejò mọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ò rántí nǹkan kan. Òótọ́ ni, kò rántí. Èmi ni mo rántí.