Imọ̀ Àgbọn Tí Mo Rí Lójú Omi

Ọjọ́ tí mo ní kí ọkọ̀ ojú omi iléeṣẹ́ wa wọ etíkun abúlé kan ní Indonesia kò kúrò lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ inú ilé mi ní Houston ni mo jókòó sí.

Gáàsì abẹ́ òkun là ń wá. Ilẹ̀ ń ṣú lọ́dọ̀ wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́hùn-ún. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú fídíò tó ń wá láti inú ọkọ̀, mo rí imọ̀ àgbọn tútù tí wọ́n so mọ́ àwọn òpó inú omi. Mo kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù pé, “Wọ́n ń kí wa káàbọ̀.” Mo ní kí ọkọ̀ wọlé.

Màmá mi, tó wá bá mi tọ́jú ọmọ láti Ìjẹ̀bú, yọjú wò ó.

“Ṣé o ò mọ màrìwò mọ́ ni? Wọ́n ti fòfin de ibẹ̀! Ní kí wọ́n dúró!”

“Mọ́mì, Indonesia nìyí, kì í ṣe Ìjẹ̀bú.”

Màmá mi tún fìka tọ́ka sí màrìwò ara àwọn òpó náà. Mo pe ọkọ̀ pé kó dúró, ṣùgbọ́n ó ti kọjá àwọn òpó.

Gbogbo abúlé jáde sétíkun. Baba arúgbó kan wọnú omi, ó ń tú imọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògbufọ̀ wa tó wà nínú ọkọ̀ ní, “Bàbá ní ọdún méjì làwọn fi ti òkun yìí pa kí ẹja lè pọ̀, owó ẹja náà làwọn ọmọ ìbá fi kàwé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣí i, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ wá tì í.”

Màmá mi pa kọ̀ǹpútà dé.

Àwòrán imọ̀ yẹn ni iléeṣẹ́ wa fi ṣe èèpo iwájú rípọ́ọ̀tù náà. Ọ̀rọ̀ mi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀: Wọ́n ń kí wa káàbọ̀.