Òórùn Òrí Ìyá Ayọ̀

Láàárọ̀ yìí, bí mo ti ń fi òrí ra àyà ọmọ mi nítorí ikọ́, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí Òṣú, sí ilé Ìyá Ayọ̀.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìsìn ìkórè ní Iléṣà, màmá mi a gbé iṣu, a ó wọ mọ́tò lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ilé rẹ̀, lójú àwọn aládùúgbò. Ojú tì mí.

“Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.” Ìyá Ayọ̀ fi ọwọ́ tí òrí wà lára rẹ̀ kan orí mi. “Ọmọ yìí mà ti ga. Ẹ̀yìn mi ò lè gbé e mọ́.”

“Kúnlẹ̀ kí o dúpẹ́,” ni màmá mi wí.

“Ọdọọdún! Ṣé kò tíì tó ni?” Mo fi etí aṣọ nu òrí náà kúrò.

Màmá mi gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n obìnrin náà dì í mú. “Ẹ má nà án. Ó ṣáà wà láàyè.”

Mo yọjú wo inú ilé. N kò rí Ayọ̀ kankan níbẹ̀ rí.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé, lọ́jọ́ tí gìrì mú mi ní kékeré, nígbà tí a ṣì ń gbé ní Òṣú, tí obìnrin náà sì pọ̀n mí sáré lọ sí ọsibítù, ó fi Ayọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ibà, kò sì bá a láàyè nígbà tó padà dé.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fẹ́ dárúkọ obìnrin náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò béèrè orúkọ rẹ̀ rí. Orúkọ Ayọ̀ nìkan ni mo mọ̀.