Ohun tí Títílọpẹ́ kà lára ògiri

Nígbà tí Adéṣínà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ padà sílé-ìwé, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti kún dáadáa. Títílọpẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Ta ni yóò máa ro oko?"

Adéṣínà wolẹ̀. Títílọpẹ́ bá dá ara rẹ̀ lóhùn. "Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà lé mi kúrò níbẹ̀ bí o ò bá sí nílé."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn ní Bọ́lọ́rundúró, ibùdó àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá Oǹdó. Oko kòkó di ti Títílọpẹ́, Adéṣínà sì di akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà kan nínú ìlú Oǹdó. Ọjọ́ Ajé ni yóò lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni yóò tó padà wálé. Láàárín ìgbà náà, Títílọpẹ́ ni yóò ṣán oko, òun ni yóò já kòkó, òun ni yóò sá a, Yéwándé ọmọ wọn yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá wá di Sátidé, tí wọ́n jókòó ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó, Adéṣínà á mú igi, á kọ lẹ́tà sórí ilẹ̀. Ó ní òun nílò ẹni tí òun yóò fi kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Títílọpẹ́ gbà á láyè. Nígbà tí ọdún kan fi máa yí po, ó ti lè ka ìwé ìròyìn Yorùbá. Kò yá a lẹ́nu o. Ìka rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, ètè rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kà, ó yé e.

Àkókò náà le. Ogun ń jà lápá ìlà-oòrùn, kòkó kò lówó lórí mọ́, owó-orí sì ń gun òkè. Níhà Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ ti ń bá ìjọba fà á. Lápá ibí, àwọn agbowó-orí pẹ̀lú akódà a máa dábùú ojú ọ̀nà, ọkùnrin tí kò bá sì rí rìsíìtì fi hàn, inú ọkọ̀ wọn ni yóò bá ara rẹ̀. Òfin dá akẹ́kọ̀ọ́ sí, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn èèyàn náà mọ̀ ni ọmọ tó wọ ṣòkòtò péńpé.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Àbdùlláhì, aládùúgbò wọn, sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ìyá Yéwándé, wọ́n ti mú ọkọ rẹ. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ lòun, wọ́n ní kó fá irùngbọ̀n rẹ̀ ná kó tó wá purọ́. Àkúrẹ́ ni wọ́n ń kó wọn lọ."

Títílọpẹ́ gbé Yéwándé pọ̀n. Ó bu omi sójú. Kò gba ọ̀nà Àkúrẹ́. Ọ̀nà Oǹdó ló kọ́kọ́ gbà, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dé Àkúrẹ́ lọ́wọ́ òfo, ẹkún nìkan ni òun yóò rí sun. Ilé ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ló lọ tààrà. Ọ̀gá náà kọ lẹ́tà, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì ní kó má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìdáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó wọ lọ́rì tó kó pákó, ó di Àkúrẹ́.

Àwọn obìnrin kún iwájú ọ́fíìsì owó-orí. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọ Àkúrẹ́ tó ń pe ìwé ní ùwé, wo lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kó wọlé. Akọ̀wé kan wà nídìí tábìlì. Ó ka lẹ́tà náà, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èyí ò wúlò. Àwọn ọmọdé ni òfin dá sí. Ẹni tó bá ti ju ọmọ ogún ọdún lọ gbọ́dọ̀ san."

Ìwé ìkéde kan wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, èdè Yorùbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ni Títílọpẹ́ wí, "ṣé ohun tí ẹ sọ yẹn wà nínú ìwé ara ògiri yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án."

Akọ̀wé náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ó wo ọmọ tó pọ̀n, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fi kan ibi tó rí. Títílọpẹ́ yí tábìlì ká. Ó gbé ìka lé ìlà tí ọkùnrin náà fọwọ́ kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ẹni tí… ó bá ń lọ… sí ilé-ìwé… lójoojúmọ́, tí kò sì ní… iṣẹ́ mìíràn… tí ń mówó wọlé, kò ní san… bí ó bá mú… ìwé ẹ̀rí wá… láti ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀."

Ó yíjú padà. "Mi ò rí ogún ọdún níbẹ̀."

Ojú ti akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. "O ka iṣẹ́ mìíràn, àbí o ò kà á? Àgbẹ̀ kòkó ni ọkọ rẹ."

"Èmi ni àgbẹ̀ kòkó," ni Títílọpẹ́ fèsì. Ó tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó yọ rìsíìtì kan tó ká sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Mo ti san owó-orí oko náà. Orúkọ mi rèé. Títílọpẹ́ ni wọ́n kọ, wọn ò kọ Adéṣínà."

Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì náà, Ọ̀gbẹ́ni Adétọ́lá, ti jáde sẹ́nu yàrá rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́ ohùn obìnrin tó ń kàwé. Ó gba rìsíìtì, ó gba lẹ́tà, ó wo méjèèjì fínnífínní.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà?"

"Ẹni tí ẹ tì mọ́lé ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Adétọ́lá fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀, ó sì ní kí akọ̀wé lọ bi gbogbo àwọn tó wà látìmọ́lé léèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wà láàárín wọn. Wọ́n rí méjì. Ọ̀kan nínú wọn ju Adéṣínà lọ lọ́jọ́ orí.

Nígbà tí Adéṣínà jáde, akódà tó ṣílẹ̀kùn fún un ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ó gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ láàárín ìgboro Àkúrẹ́, ọkùnrin tòun ti irùngbọ̀n, wọ́n sì jọ rìn lọ síbùdókọ̀. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Títílọpẹ́ gbé orí sókè, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Adéṣínà parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di tíṣà, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú Ipogun. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ìyàwó tíṣà ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ bó dání. Opó kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Nímọ́tà, tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń bá du ilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ó mú ìwé ilẹ̀ náà wá, ó ní kí Títílọpẹ́ má bá òun sọ̀rọ̀, kó kàn jókòó. Nímọ́tà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ìka tẹ ibi tí orúkọ rẹ̀ wà.