Ẹni Tó Da Ojú Géèmù Délẹ̀ Bíi Ti Ẹ̀gbọ́n Mi

Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni, láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbó-Ọrà. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ọjọ́ náà fún yín bó ṣe rí. N kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ nínú rẹ̀.

Ìpàdé àwọn tó fẹ́ràn géèmù àtijọ́ ni mo bá lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí lè ti máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n ń bẹ̀ kí n tó lọ síbi ìkómọ? Àmọ́ kì í ṣe eré ló gbé mi débẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ géèmù aláwọ̀ eérú yẹn, èyí tó ń lo díìsì, tó wà nílé géèmù gbogbo nígbà tá a wà ní kékeré? Ẹ̀gbọ́n mi, Ràṣídì, ló ń mójú tó ilé géèmù kan l'Eruwa nígbà náà. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ti gbó, kì í fẹ́ ka díìsì mọ́, àfi téèyàn bá da ojú rẹ̀ délẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ràṣídì tún máa ń ṣí fìlà orí rẹ̀, á ká a sí mẹ́rin, á fi ti igun kan lábẹ́, lápá òsì lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ náà lè fì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò rí ẹlòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Ràṣídì gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ó ń pè wá dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. Ìyá mi gbà pé fóònù rẹ̀ ló sọnù, pé ọjọ́ kan báyìí la máa rí i lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí?

Àfi bí mo ṣe rí fọ́tò kan nínú gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ géèmù yìí lórí wasáàpù. Ẹ̀rọ aláwọ̀ eérú kan ni, wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, fìlà tí wọ́n ká sí mẹ́rin sì wà lábẹ́ igun rẹ̀. Apá òsì, lẹ́yìn.

Múfútáù, ará Lanlate, lorúkọ ẹni tó fi fọ́tò náà síbẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní bọ̀dá kan ará Eruwa ni, tí àwọn jọ gbé yàrá kan nílùú òkèèrè. Mo ní ṣé bọ̀dá náà ṣì wà lọ́hùn-ún? Ó ka ìbéèrè mi, mo rí i pé ó kà á. Ọjọ́ kejì ló tó fèsì pé òun máa wà níbi ìpàdé Igbó-Ọrà, kí n wá bá òun níbẹ̀ tí mo bá ráyè.

Ohun tí mo wá lọ mọ̀ nìyẹn: ṣé ẹ̀gbọ́n mi wà láyé?

Bí mo ṣe wọ kíláàsì tí wọ́n ń lò, ọkùnrin kan gbójú sókè. “Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé oúnjẹ wá?”

Mo ní rárá, géèmù ni mo wá wò.

“Ha. Ẹ̀yin ọkùnrin, ìyàwó ta lẹ̀ ń wò yìí o? Kí ẹni tó purọ́ pé òun lọ sóko tètè gba ẹ̀yìn sá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Jídé, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìdèrè, tó sì pe ìpàdé náà, fún mi ní àga. Wọ́n ní ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í kú láéláé. Mo wò yíká. Mẹ́fà ni wọ́n gbé kalẹ̀, méjì péré ló ń ka díìsì.

Múfútáù kò tíì mọ̀ mí, àmọ́ mo dá a mọ̀ nípa fọ́tò rẹ̀ lórí wasáàpù. Ó jókòó níwájú ọ̀kan nínú méjì yẹn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò dàgbà jù mí lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nínú géèmù náà dúró lójijì, ó yí ẹ̀rọ dà, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ká a. Ó fi ti igun òsì lẹ́yìn. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá tó fi ṣe é. Ohun téèyàn bá fetí gbọ́ lásán kò lè mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, ni mo sọ lọ́kàn mi.

Mo súnmọ́ ọn, mo ní èmi ni mo béèrè ọ̀rọ̀ lórí wasáàpù. Mo ní àbúrò Ràṣídì ni mí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí páàdì. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé rẹ̀. “Múfútáù, oorun ni àbí àǹtí?” ni ẹnì kejì rẹ̀ wí. Wọ́n tún gbá òmíràn wọlé. Múfútáù gbé páàdì sílẹ̀, ó ní ká bọ́ síta.

A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé náà. Mo ti to ìbéèrè mi láti ilé: ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn, níbo, ta ló wà níbẹ̀. Kò jẹ́ kí n dé ìkejì.

“Àǹtí, ṣé bàbá yín ṣì wà?”

Mo ní wọ́n ti ṣaláìsí kí Ràṣídì tó lọ.

“Ta wá ni àgbà ilé yín?”

“Bàbá Síkírù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n.”

“Ṣé wọ́n máa ń wà nílé láàárọ̀, kí wọ́n tó lọ sóko?”

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó sọ ohun tó mọ̀ fún mi. Mo ní mo ti kàwé jáde, mo ti dàgbà, n kò ní ṣubú lulẹ̀.

Ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹ ti dàgbà, àǹtí. Èmi ni n kò tíì dàgbà tó.”

Ó kí mi, ó padà wọlé.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà s'Eruwa, mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n máa ń kó àgbà lọ tọrọ ìyàwó. Wọ́n máa ń kó àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Ràṣídì ti ṣẹ ẹnì kan lọ́hùn-ún. Ó ṣeé ṣe kó wà lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ìròyìn pé èèyàn wà láàyè tó máa kọ́kọ́ béèrè àgbà ilé? Ọmọdé lè sáré jíṣẹ́ ìyẹn lójú títì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nílẹ̀ wa tí ọ̀dọ́ kì í dá jẹ́.

Ìyá mi bi mí pé báwo leré, ọmọ yunifásítì tó ń lọ wo géèmù. Mo ní eré dára. Èmi náà kò tíì dàgbà tó.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó sọnù, ẹ máa fetí sí ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín. Mo lọ gba ìdáhùn, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fún mi, wọ́n sì tó. Ẹ̀yin tí èèyàn yín gba ọ̀nà yẹn lọ ńkọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ta ló sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á, bí n kò bá tilẹ̀ lè fèsì.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ẹnì kan ní inú aṣálẹ̀ ni, ẹnì kan ní orí omi, ẹnì kan ní àìsàn ni. N kò lè jẹ́rìí sí ìkankan.

Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Mọ́ńdè, Múfútáù àti bàbá méjì wọ ilé Bàbá Síkírù, wọ́n sì ṣí fìlà. Wọ́n ní kí n gbé omi wá, kí n sì pe ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Ìyá Ràṣídì ni gbogbo ilé ń pe ìyá mi, n kò gbọ́ kí Bàbá Síkírù pè é ní nǹkan mìíràn rí. Mo gbé omi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi wọlé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò, ó ń wojú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Bàbá Síkírù na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn lórí ẹní. Wọ́n kọjú sí ìyá mi, wọ́n ní, “Àṣàbí, wá jókòó tì mí.”